Ohùn Tí Mo Fi Gbálẹ̀

Bàbá Ọdẹ kò bínú síta. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó kàn gba ike omi lọ́wọ́ mi, ó mu ún dé ìdajì, ó ní: “Àjọkẹ́, ohùn mi lo fi gbálẹ̀ de àlejò lónìí.”

Òótọ́ ló sọ. Alẹ́ àṣà àwa ọmọ Áfíríkà tó wà ní Iowa City là ń ṣe, nínú oṣù Kẹrin, ìgbà tí òtútù ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò ní lọ mọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n yan eré tí yóò gun orí ìtàgé, kí n sì tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Aago mẹ́fà ni ìwé ìpè sọ. Nígbà tó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá Ọdẹ jáde nínú gbérí ọdẹ rẹ̀, ó fi ìjálá sẹ́nu, ó ń ki erin, ó ń ki ẹkùn. Àwọn tó ti jókòó kò tó ogójì. Àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ẹnì kan ń wá àga fún ìyá ọkọ rẹ̀, ẹnì kan ń bọ́ kóòtù lára ọmọ mẹ́ta, obìnrin kan ń pariwo pé “Ẹ bá wa sún díẹ̀,” abọ́ ìrẹsì ń kọjá lórí àwọn èèyàn. Ìgbà tí gbọ̀ngán máa fi kún, Bàbá ti parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Kí ló dé tí mo fi fi í ṣe àkọ́kọ́? Torí pé òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wa ni. Nílé, àgbà ló ń bu obì, àgbà ló ń kọ́kọ́ là ẹnu. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un. Ètò obì ni mo gbé, mo fi to ètò eré.

Àṣìṣe mi kò sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú la ti ṣe ìdánwò, nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Coralville. Àwa márùn-ún jókòó sórí àga onítìmùtìmù, a ní ìwé lọ́wọ́, a ń fún eré kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Mo fún Bàbá ní mẹ́wàá. Mo fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ní mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan wà tí òbí wọn wá láti Kóńgò, àwọn ará Kóńgò pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, òkìtì ni wọ́n ń ta. Nínú pálọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò ga, níbo ni wọ́n fẹ́ fò sí? Wọ́n ta ẹyọ méjì, ẹsẹ̀ ọ̀kan gba iná tó dúró légbẹ̀ẹ́ àga, iná ṣubú. Mo fún wọn ní mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ eré, àwọn ọmọ tí mo fún ní mẹ́rin yìí ló gba gbogbo wa sílẹ̀. Ó ti lé ní aago mẹ́jọ, èèyàn ti ń wo fóònù, àwọn ọmọ kékeré ti ń sùn. Àwọn mẹ́rin yìí já jáde, wọ́n ń fò lórí ara wọn, gbogbo gbọ̀ngán dìde dúró.

Mo délé, mo yọ ìwé máàkì mi jáde, mo wò ó. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún yẹn kan náà ni mo ń ṣe ìwádìí lórí eré arìnrìn-àjò. Alárìnjó, eégún apidán ilé wa, ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, olùkọ́ mi sì ní kí n lọ wo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tiwọn láyé àtijọ́. Ilé ìkàwé Yunifásítì Iowa ní ẹrù àwọn ìwé ilé eré Keith àti Albee nípamọ́. Wọn kì í jẹ́ kí o mú gègé oníyíǹkì wọ yàrá ìkàwé náà, pẹ́ńsù nìkan, wọ́n á gbé ìwé wá fún ọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Níbẹ̀ ni mo ti bá ìwé ìròyìn àwọn mánẹ́jà pàdé, èyí tí wọ́n ń kọ láti ọdún 1902 lọ síwájú.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Vaudeville ni eré àdàlù tó gbòde ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kí rédíò àti sinimá tó ń sọ̀rọ̀ tó wá gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lálẹ́ kan ṣoṣo, o lè rí ẹni tó ń kọrin, ẹni tó ń ta òkìtì, ajá tó ń gun àkàbà, aláwàdà méjì tó ń bú ara wọn, onídán, àti eré oníṣe kékeré kan. Benjamin Franklin Keith bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Boston lọ́dún 1883 nínú yàrá kékeré tó fi ń pàtẹ ohun ìyanu. Nígbà tó fi máa kú lọ́dún 1914, òun àti Edward Albee ti ní tíátà kárí ìlú ńláńlá ìhà ìlà-oòrùn. Òṣèré kan á ṣe ọ̀sẹ̀ kan ní Boston, á kó ẹrù, ó di Providence, ó di Philadelphia.

Ní Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn eré ọ̀sẹ̀ náà bá kọ́kọ́ jáde, mánẹ́jà ilé á jókòó sáàárín èrò, á máa wò. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ìròyìn: orúkọ eré, iye ìṣẹ́jú, apá ibi tó lò lórí ìtàgé, ohun tí wọ́n ṣe, bí èrò ṣe gbà á, ohun tí òun ní kí wọ́n yọ kúrò. Ìròyìn yìí á lọ sí ọ́fíìsì tó ń gba òṣèré síṣẹ́, á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mánẹ́jà ìlú tí eré náà ń bọ̀ wá bá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe kúrú tó. Ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́rin, ó parí. Kì í ṣe pé àwọn mánẹ́jà yìí kì í sọ tinú wọn o. Àwọn kan nínú wọn lẹ́nu bí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kò rí adùn kan nínú eré kan, nínú ìlà tó tẹ̀ lé e, á kọ ọ́ pé èrò gbà á gan-an, pé kí ẹlòmíràn mú un. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo fún Bàbá Ọdẹ ní mẹ́wàá, ara mi nìkan ni mo ṣe ìdánwò fún: ìjálá tí mo gbọ́ ní Ṣakí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje ni mo fún ní máàkì.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìròyìn náà tó dà mí láàmú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ní eré yìí wà “ní ọ̀kan,” èyí “ní méjì,” èyí gba gbogbo ìtàgé. Mo rò pé ipò ni wọ́n ń fún wọn, pé ọ̀kan ló dára jù. Àfi ìgbà tí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ya àwòrán rẹ̀ fún mi. Ṣe ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé búrẹ́dì? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé ìtàgé láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ègé àkọ́kọ́, láti ibi iná tó wà létí ìtàgé dé ibi aṣọ ìkélé tó kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tàbí méje, òun ni “ọ̀kan.” Akọrin tàbí aláwàdà á dúró níbẹ̀, á máa ṣe tirẹ̀ níwájú aṣọ. Lẹ́yìn aṣọ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àga, wọ́n ń so okùn fún àwọn tó máa fò, wọ́n ń to àgò ajá, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbúròó wọn. Bí akọrin bá ti parí, aṣọ á gòkè, eré ńlá á ti dúró gbọnin. Kò sí àlàfo.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń yan eré. Eré méjì tó dùn bí oyin, tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń gba gbogbo ìtàgé, kò lè tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó lè dá dúró níwájú aṣọ, tí kò nílò ju ọ̀fun àti ara rẹ̀ lọ, góòlù ni, kódà bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dùn tó èkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì: ó ń dá èrò lára yá, ó sì ń fi ara rẹ̀ bo ariwo àwọn tó ń gbé ẹrù lẹ́yìn aṣọ. Nígbà tí mo lóye èyí, mo rántí alẹ́ tiwa. Lẹ́yìn ẹgbẹ́ akọrin, ó gbà wá ní ìṣẹ́jú méjìlá gbáko láti gbé ìlù wọlé, atọ́kùn ètò sì wà níwájú tó ń pa àwàdà tí gbogbo wa ti gbọ́ lórí fóònù ṣáájú ọdún Kérésìmesì. Bàbá Ọdẹ, ẹni tí kò nílò máìkì pàápàá, ì bá ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn àyè ni ipò. George Gottlieb, ẹni tó ń yan eré fún Palace Theatre ní New York, tíátà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1913 tí gbogbo òṣèré sì ń lé bí ẹni ń lé Mẹ́kà, ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń to eré mẹ́sàn-án. Àkọ́kọ́ kì í ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: òkìtì, ijó, tàbí ẹranko, torí pé èrò ṣì ń wọlé, wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìkejì á jẹ́ orin, níwájú aṣọ. Ìkẹta ló ń jí wọn. Eré gbígbóná ni ìkẹrin, ìkarùn-ún á lágbára tó láti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ nígbà ìsinmi. Ìkẹfà ló nira jù, nítorí ó gbọ́dọ̀ kó ọkàn wọn padà láìṣe pé ó ta yọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìkejọ, ẹni tó ṣáájú ìkẹyìn, ni ìràwọ̀ tí gbogbo wọn torí rẹ̀ wá. Ìkẹyìn padà di òkìtì tàbí eré ẹranko, ohun tí ojú lè wò bí èèyàn ti ń wọ kóòtù láti máa lọ.

Mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì bàjẹ́. Ohun tí àwọn eégún apidán ilé wa ti mọ̀ tipẹ́ ni. Ta ló rí alárìnjó tó kọ́kọ́ di ọ̀nì? Ìlù bàtá ló ń ṣáájú, àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ kóra jọ, ìjúbà, ijó, kí agbo tó kún. Ìgbà tí agbo bá kún ni òjòlá máa jáde. Ìyá mi tó wo eré Hubert Ogunde nígbà ọmọge sọ fún mi pé, bí èèyàn bá pẹ́ dé, orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ló máa pàdánù, kì í ṣe ìtàn náà fúnra rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ìwé lórí alárìnjó ni mo gbé ìjálá síwájú èrò tó ń wá àga.

Nǹkan mìíràn tí mo kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gé eré. Keith kò fẹ́ ọ̀rọ̀ rírùn nínú ilé rẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló fẹ́ fà wọlé. Àwọn òṣèré fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n ní àpòòwé aláwọ̀ búlúù ló máa ń dé yàrá òṣèré lẹ́yìn eré Mọ́ńdè, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí o gbọ́dọ̀ yọ wà. Èmi kò fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n yọ. Àwọn kan nínú rẹ̀ kò ju èébú ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni mo mú. Wọn kì í ní “eré rẹ kò bójú mu.” Ọ̀rọ̀ yìí ni, ìlà yìí ni, yọ ọ́ kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀. Èmi, lọ́dún àkọ́kọ́, mo sọ fún aláwàdà kan pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ́ díẹ̀.” Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ó yọ ọ̀rọ̀ ọtí, ó fi ẹ̀fẹ̀ tó fi ń bú ìyàwó ẹ̀yà mìíràn sílẹ̀, tọkọtaya kan sì dìde, wọ́n jáde. Èmi ló jẹ̀bi ju ẹni tó pa àwàdà lọ.

Mo ní láti sọ èyí tó dùn mí náà. Bí mo ti ń ka ìròyìn àwọn mánẹ́jà yìí, mo ń bá àwọn òṣèré dúdú pàdé, mo sì ń rí irú orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n, èyí tí n kò ní kọ síbí. Ọ̀nà tí mánẹ́jà gbà ń yìn wọ́n pàápàá, bí ẹni ń yin ajá tó gun àkàbà ni. Mo ti ìwé náà, mo jáde lọ jókòó lẹ́bàá odò Iowa fún ìgbà díẹ̀. Ojú tí ń wo eré, ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé ló kọ́kọ́ ń rí.

Ìtàn Bert Williams àti George Walker, òṣèré dúdú méjì, ni mo fi ń tu ara mi nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà korò. Lọ́dún 1894, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní San Francisco, wọ́n ní àwọn ará Dàhọ̀mì ń bọ̀ láti Áfíríkà kí èèyàn wá wò wọ́n. Àwọn ará Dàhọ̀mì pẹ́ dé. Wọ́n bá gba àwọn dúdú Amẹ́ríkà síṣẹ́ kí wọ́n ṣe bí ará Dàhọ̀mì, Williams àti Walker sì wà lára wọn. Nígbà tí àwọn tòótọ́ dé, àwọn méjèèjì ń lọ wò wọ́n, wọ́n ń kọ́ orin àti ijó wọn. Ọdún 1903 ni wọ́n gbé eré olórin wọn tí wọ́n pè ní In Dahomey lọ sí Broadway, lọ́dún náà gan-an wọ́n ṣe é ní ààfin ọba ní London. Dàhọ̀mì tí àwọn baba ńlá wa bá jà ní Abẹ́òkúta! Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ọdẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bí wọ́n bá ní kí èmi náà ṣe bí ará Dàhọ̀mì, ǹ bá bèèrè owó ìlọ́po méjì.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú yẹn kò fi mí sílẹ̀. Mo padà sídìí ìwé máàkì ọdún àkọ́kọ́. Eré Yorùbá mẹ́ta: mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Eré àwọn tó kù: mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin. Wọ́n ní bí eégún ẹni bá jó're, orí a máa yá ni. Orí ti yá mi kí eégún tó jó rárá.

Ìtàn àwọn Cherry Sisters ni gbogbo ará Iowa máa ń sọ tí o bá ti dárúkọ vaudeville, torí pé Marion ni wọ́n ti wá, kò ju nǹkan bí máìlì 30 sí wa. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ké ewì, wọ́n ń ṣe eré ìwà rere. Gbogbo ayé gbà pé eré wọn burú. Nítorí pé ó burú ni Oscar Hammerstein fi gbé wọn lọ sí Olympia rẹ̀ ní New York lọ́dún 1896, èrò sì wọ́ lọ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń ju ẹ̀fọ́ lù wọ́n. Nígbà tí Des Moines Leader tẹ àríwísí kan tó gbóná lórí wọn, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Lọ́dún 1901, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Iowa dá a pé ẹni tó bá gbé eré rẹ̀ síwájú gbogbo èèyàn, èèyàn lè bẹnu àtẹ́ lu eré náà bó ti wù ó le tó, bí kò bá ti jẹ́ pé ìkà ló wà nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn. Hammerstein ni n kò fara mọ́. Gbọ̀ngán kún lóòótọ́, owó wọlé, ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ kọ síwájú ìlà “bí èrò ṣe gbà á”? Lọ́dún kejì, obìnrin kan wá ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ wa, kò mọ ibi tí orin rẹ̀ ń lọ, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yọ́ sọ fún mi pé, “Ẹ jẹ́ ó wọlé, a óò rẹ́rìn-ín.” Mo ní rárá. Mo pe arábìnrin náà sẹ́yìn, mo sọ fún un pé orin kò tíì tó, mo bi í bóyá ó lè bá wa tọ́jú àwọn ọmọdé tó ń jó. Ó gbà.

Ọdún kejì yẹn, pálọ̀ ti di èèwọ̀. Inú gbọ̀ngán gan-an la ti ṣe ìdánwò, mo sì bẹ àwọn èèyàn bí ọgbọ̀n, àwọn tí kò mọ òṣèré kankan, kí wọ́n wá jókòó. Èmi kò jókòó níwájú. Mo wà lẹ́yìn pátápátá, aago lọ́wọ́ kan, pẹ́ńsù lọ́wọ́ kejì, orí èrò ni mò ń wò. Ẹni tí eré bá wọ̀ lára, orí rẹ̀ kì í mì. Bí ó bá ti sú wọn, wàá kọ́kọ́ rí i ní èjìká, kí ó tó dé ọwọ́ tó ń wá fóònù. Mo ń kọ ìṣẹ́jú tí èjìká kọ́kọ́ yí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a óò gé.

Ọmọkùnrin kan wá ní ọjọ́ náà, ó kọrin, ó jó, ó fara wé olóṣèlú, ó tún fara wé ìyá kan tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Ìbàdàn: “Ẹ n lẹ́ o, èmi ni, èmi ìyá ẹ, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbà á, Tọ́lá, ṣé ó ń gbà á?” Orin rẹ̀ dára díẹ̀, ijó rẹ̀ dára díẹ̀. Ìyá orí WhatsApp yẹn, àga ń mì. Mo rántí Houdini, onídán tó lókìkí. Lọ́dún 1899, Martin Beck tó ń ṣàkóso àwọn tíátà Orpheum rí i ní St. Paul, ó ń fi káàdì pidán, ó ń ṣe èyí, ó ń ṣe tọ̀hún. Beck ní kí ó fi àwọn pẹ́pẹ̀pẹ́ sílẹ̀, kí ó di bíbọ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú, ó sì pè é sí Omaha pẹ̀lú dọ́là 60 lọ́sẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé ìyá yẹn nìkan, ìṣẹ́jú méje. Ojú rẹ̀ korò. Ó ní orin ni ẹ̀bùn òun. Mo ní mo gbọ́, ìṣẹ́jú méje. Títí di òní kò kí mi bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ gbogbo àríyá ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Iowa ni wọ́n ti ń pe ìyá yẹn.

Ọjọ́ eré pé. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ Kóńgò mẹ́rin yẹn jáde, wọ́n ń ta òkìtì bí èèyàn ti ń wá àga. Àwọn tó ń wọlé dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò, wọ́n sì jókòó kíákíá kí wọ́n lè rí i dáadáa. Orin tẹ̀ lé e, ìyá WhatsApp tẹ̀ lé orin. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ lọ geerege o. Ẹgbẹ́ akọrin tí mo fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lo méjìlélógún, ẹ̀mí mímọ́ bà lé wọn, ta ló máa lọ gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀mí mímọ́? Mo dúró lẹ́yìn, mo ń wo èjìká, mo ń bú ara mi.

A ti ta aṣọ aláwọ̀ àyìnrín kan kọjá ìtàgé, aṣọ ìbora méjì tí a rán pọ̀ ni, kò jọ aṣọ tíátà kankan. Iwájú rẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ dúró, ẹni tó ṣáájú ìkẹyìn, nígbà tí wọ́n ń gbé ìlù sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò gba máìkì. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní òun júbà àwọn tó ti ń dúró láti aago mẹ́fà, gbogbo gbọ̀ngán rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ohùn sókè, ó ki erin. Àwọn ará Kóńgò, àwọn ará Sùdáànì, àwọn òyìnbó tó bá ọ̀rẹ́ wọn wá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ, orí ẹnì kankan kò sì mì. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú èrò, ó wò ó, ó ki òun náà, ọmọ dákẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a ń palẹ̀ àga mọ́, Bàbá Ọdẹ wá bá mi. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í rí ìwé kí wọ́n má kà á. Wọ́n na ọwọ́.

“Kí lo kọ nípa mi?”

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbé awò ojú wọ̀, wọ́n kà á síta: “Ìjálá. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Níwájú aṣọ. Èjìká kankan kò yí. Ẹ má ṣe gé nǹkan kan.”

“Ṣé o ò kọ ọ́ pé mo dára?”

“Bàbá, ìyẹn náà ni mo kọ yẹn.”

Wọ́n wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èékún, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ìlà kan sábẹ́ tèmi: “Kò sẹ́ni tó fún Bàbá lómi.”